Ojú ewé 97 dé 112: ohun tí ojú mi rí níbi tí mo ti ń wá ìwé fún àwọn òǹkàwé

Inú tó bí mi ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí n máa bá èèyàn wá ìwé tó jọ èyí tó kà tó gbádùn. Màmá kan ládùúgbò wa ní Ṣúrùlérè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ka ìtàn ìfẹ́ Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá tán, ó sì ń wù wọ́n kí wọ́n tún rí irú ẹ̀ kà. Wọ́n lọ bá òǹtàwé kan, wọ́n ṣàlàyé fún un dáadáa. Ọkùnrin náà di ìwé mẹ́ta fún wọn, ó gba ₦14,000. Nígbà tí wọ́n kó o wá hàn mí, ọ̀kan jẹ́ ìwé òwe, ọ̀kan jẹ́ àlọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún ìdánwò. Wọ́n dá a padà fún un, kò gbà á. Ó ní, "Màmá, ṣebí ìwé Yorùbá lẹ ní ẹ fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ. Ẹni tó bá ní ẹja lòun ń wá, wọn kì í wọn gààrí fún un nítorí pé oúnjẹ náà ni. Ìwé Yorùbá tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kó papọ̀ sórí tábìlì kan kó máa pè é ní oríṣi kan ṣoṣo. Mo ní kí màmá fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn méjì mìíràn náà fi gbọ́: bàbá kan tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ibo lẹ kà dé tí ẹ ò lè gbé ìwé náà sílẹ̀ mọ́? Ẹni tó bá bèèrè irú ìwé tí èèyàn fẹ́ràn á gbọ́ "ìtàn ìfẹ́" tàbí "ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́", ìyẹn ò sì ràn án lọ́wọ́. Màmá dá mi lóhùn pé bí ọkàn Àjàní inú Ó Le Kú ṣe ń fà síhìn-ín, tó ń fà sọ́hùn-ún láàárín àwọn ọmọge ló mú àwọn, pé àwọn ìbá fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu obìnrin fúnra rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ èyí tí mo máa fún wọn: ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Isaac Thomas ló kọ ọ́. Inú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ló ti ń jáde bíi lẹ́tà láti 1929 wọ 1930, obìnrin náà sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn àwọn ọkùnrin tó bá lò nínú ìlú Èkó yìí. Àwọn òǹkàwé kan nígbà náà gbà pé obìnrin gidi ló ń kọ ọ́. Ẹ̀dà tí Karin Barber ṣe jáde ní 2012, tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú rẹ̀, ni mo yá lọ́wọ́ ẹnì kan ní Àkọkà. Mo ti sọ fún màmá ṣáájú pé gbólóhùn rẹ̀ gùn, pé orin pọ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n má kánjú. Nígbà tí wọ́n kà á débi orin kan tí wọ́n mọ̀, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ sí mi létí. Orí mi wú.

Ti ọmọ Ṣómólú rọrùn. Ó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Mo fún un ní Igbó Olódùmarè, nítorí pé Olówó-ayé tó wà níbẹ̀ ni bàbá Àkàrà-oògùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. 1949 ni Fágúnwà gbé e jáde, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìtàn ọmọ. Nígbà tó parí ìyẹn, ó ní iwin tó òun, àmọ́ òun ṣì fẹ́ ìrìn àjò àti akin. Mo gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí lé e lọ́wọ́, níbi tí àwọn ará Òkè Ògùn ti ń wá bí wọ́n ṣe máa bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ìyẹn ti parí.

Ti bàbá ló fojú mi rí màbo. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni wọ́n kà. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ bíi tiwọn, kì í jókòó tẹtẹrẹ máa ro àròjinlẹ̀, inú ewu ló ń kì wọ̀. Ohun tí bàbá fẹ́ nìyẹn. Nítorí náà ni mi ò ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Akin Olúṣínà náà. Ọpọlọ ni tiẹ̀, kì í ṣe wàhálà. Àgbàlagbà Akàn ti 1971 ló yẹ bàbá, torí Lápàdé fúnra rẹ̀ ló tún padà síbẹ̀. Mo dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Inú wọn dùn. Wọ́n ń retí.

Òǹtàwé kan ní Yábàá ní òun ní in, pé ilé ló wà. Ó gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dé, ó ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rù ti lọ síbi ìsìnkú. Mo tún dé, ó ní òjò ni. Mo bèèrè owó mi, ó ní owó ti wọ ọjà. Bàbá sì ń pè mí ní alaalẹ́, ohùn ọlọ́pàá ò tíì kúrò lọ́fun wọn: "Ìwé dà?"

Nígbà tó wá mú un jáde, fotokọ́pì ni, wọ́n fi páálí dáradára bò ó lẹ́yìn. Àmì ohùn ti di ẹ̀gbin dúdú, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí bàbá. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣí i. Ojú ewé 96 parí láàárín gbólóhùn, 113 ló tẹ̀lé e. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́! Mo yí padà. Ọkùnrin náà ní ṣé òun lòun tẹ̀ ẹ́ ni, pé kí n mú un bẹ́ẹ̀, pé èèyàn á ṣáà lóye ibi tó ń lọ.

Ọmọ Ṣómólú ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní bébà ńlá kan ni wọ́n máa ń ká di ojú ewé 16, wọn a wá to àwọn ìká náà léra, wọn a fi òwú ran ẹ̀yìn wọn tàbí kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìká mẹ́fà ni ojú ewé 96. Ìkeje ti já bọ́ látara ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe fotokọ́pì, kò sì sẹ́ni tó kà á kí wọ́n tó máa tà á. Àtọjọ́ náà, mi ò sanwó ìwé kankan láìtíì ka nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níṣojú ẹni tó ń tà á. Mi ò tún san àsansílẹ̀ mọ́.

Ìbàdàn ló yọ mí. Ọ̀rẹ́ mi kan rí ojúlówó ẹ̀dà ní Dùgbẹ̀, ó fi í rán awakọ̀ wá sí Ọ̀jọ́ta, owó tí awakọ̀ sì gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìwé. Ó dùn mí, mo san án. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí ojú ewé 97 kí wọ́n tó kí mi.

Ní báyìí, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Ojúẹlẹ́gbà ti ka Ogún Ọmọdé, ó fẹ́ ìtàn mìíràn tí ọmọdé wà láàárín rẹ̀. Kúyẹ̀ ti J. F. Ọdúnjọ ló wà lọ́kàn mi, ìtàn ọmọ òrukàn tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Mi ò tíì dárúkọ ẹ̀ fún un. Ó di ìgbà tí mo bá ní in lọ́wọ́, tí ojú ewé rẹ̀ sì pé.