Debian 12: bí mo ṣe pinnu láti kúrò lórí kernel 6.1

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Debian 12, ẹ̀dà Linux kan, jáde pẹ̀lú kernel 6.1 (kernel ni ọkàn ètò náà, òun ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀). Tí gbogbo nǹkan bá ń ṣiṣẹ́, mi ò rí ìdí tí èèyàn fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù yìí, Wi-Fi ni kò yọjú rárá. Mo tẹ lspci -nnk, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà: káàdì RTL8852BE wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí "Kernel driver in use" lábẹ́ rẹ̀. Inú kernel 6.2 ni driver káàdì yẹn (ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lò ó) ti kọ́kọ́ wọlé, 6.1 ò lè dá a mọ̀. Àwọn kan máa ń kọ́ driver náà fúnra wọn láti ìta, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà ló lè bàjẹ́. Kernel tuntun ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo kọ́kọ́ fi df -h /boot wo àyè tó kù nínú /boot, ibi tí kernel ń gbé, torí ibẹ̀ ló ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ẹ bá fi LVM (ọ̀nà pínpín dísìkì) àti encryption to Debian, /boot máa ń dá wà, nǹkan bí 500MB péré. Tó bá kún kí initrd (fáìlì tí kernel fi ń gbéra) tó wọlé tán, ẹ máa rí "No space left on device", kernel tuntun ọ̀hún ò sì ní lè gbéra. sudo apt autoremove --purge ló ń kó àwọn kernel àtijọ́ tí a ò lò mọ́ kúrò.

Nígbà tí kò sí Wi-Fi, mo fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, mo tan USB tethering. Mo wá fi ìlà yìí kún /etc/apt/sources.list, kí apt lè rí backports, ibi tí Debian ń kó ètò tuntun sí fún ẹ̀dà tó ti jáde (bookworm ni orúkọ Debian 12):

deb http://deb.debian.org/debian bookworm-backports main non-free-firmware

Lẹ́yìn náà:

sudo apt update
sudo apt install -t bookworm-backports linux-image-amd64 linux-headers-amd64 firmware-realtek

Ẹ má fo firmware-realtek o. Tí kò bá sí firmware (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì fúnra rẹ̀), driver á dá káàdì mọ̀, síbẹ̀ Wi-Fi ò ní tàn. Headers ni DKMS (ètò tó ń tún driver tó wá láti ìta kọ́ fún kernel tuntun) ń lò: ẹni tó bá ní NVIDIA, kó rí i pé dkms status kọ "installed" fún kernel tuntun kó tó reboot, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn.

6.12 ló wọlé. uname -r jẹ́rìí sí i, lspci sì ti ń kọ rtw89_8852be báyìí. Mo pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, mo tún ṣí i, mo wá fi sudo journalctl -k -b -p err wo àṣìṣe tí kernel kọ sílẹ̀, torí ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí lójú oorun ni driver tuntun sábà máa ń kọsẹ̀. 6.1 ṣì wà lábẹ́ "Advanced options" nínú GRUB, àtòjọ tó ń yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń gbéra. Mi ò yọ ọ́.

Lórí server, 6.1 ni mo fi sílẹ̀: ẹ̀ka stable, tí Debian 12 jẹ́ nígbà náà, ni ikọ̀ ààbò Debian ń bójú tó, kì í ṣe backports.