Bí A Ṣe Ń Fa Àpótí Panápaná Ojú Pópó ní Boston

Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà yóò ti rí àwọn àpótí pupa tó wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ohun ìrántí lásán ni wọ́n. Rárá o. Ọdún 1852 ni ètò tí William Channing àti Moses Farmer gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn àpótí náà ṣì ń ké sí panápaná títí di òní.

Bí iná bá sọ, ẹ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilé. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́ yín tó sì ń lọ, ẹ pe 911, nítorí ẹni tó bá gbé e yóò lè bi yín léèrè ohun tó ń jó àti bóyá ẹnìkan há sínú ilé. Bí kò bá lọ, ẹ wá àpótí tó súnmọ́ yín jù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré iwájú rẹ̀, ẹ ó rí ìkọ́ kan nínú rẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe máa fà á léraléra.

Ẹ̀rọ bíi ti aago ló wà nínú rẹ̀. Bí wíìlì eléyín rẹ̀ ti ń yí, ó ń já iná mànàmáná inú wáyà, ó sì ń dá a padà, ní iye ìgbà tí nọ́ńbà àpótí náà bá pè fún: àpótí 52 yóò lu ẹ̀ẹ̀marùn-ún, yóò sinmi díẹ̀, yóò sì lu ẹ̀ẹ̀mejì. Léraléra ni yóò tún un lù, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má baà ṣì í gbọ́.

Nọ́ńbà yẹn nìkan ni panápaná gbọ́, nítorí náà wọ́n mọ ìkóríta tí wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé tó ń jó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fà á kí ẹ sì sá lọ. Bí èéfín kò bá lé yín, ẹ dúró ti àpótí náà títí ọkọ̀ wọn yóò fi dé, kí ẹ sì tọ́ka ilé náà fún wọn.

Ní ọdún 1872, títì ni wọ́n máa ń ti àwọn àpótí náà nítorí àwọn tó ń fà wọ́n lásán, ọwọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ènìyàn díẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, iná sọ ní ìkóríta Summer àti Kingston; kí àpótí 52 tó lù, ó ti pẹ́ jù, ilé tó lé ní 700 ló sì jóná. Lónìí a kì í tì wọ́n mọ́, ẹni tó bá sì fà á lásán ti rú òfin.

Ìyá tó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Nàìjíríà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè fà á láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Nítorí àwọn adití gan-an ni ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò fi gbà ní ọdún 1996 pé kí ìlú New York yọ tirẹ̀ kúrò. Bí ìyá bá dé, ẹ mú un rìn dé ìdí àpótí tó súnmọ́ ilé yín, kí ẹ fi ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn án, kí ẹ sì ṣàlàyé ìkọ́ inú rẹ̀ fún un láì fà á.