Kéèkì Inú Ife Tí Èmi Àtàwọn Ọmọ Mi Jọ Ṣe

Òjò sé wa mọ́lé n'Íbàdàn ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ. Ilé ìwé ti gba họlidé, àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 6, sì ti ń sọ láti àárọ̀ pé kéèkì làwọn fẹ́ jẹ. Gáàsì tó kù nínú sílíńdà, ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo fi í pa mọ́ fún. Bí wọ́n ṣe mú iná dé ni mo ní, "Ó yá, ẹ lọ fọwọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, èmi á dúró tì yín."

Inú máíkírówéèfù, ẹ̀rọ oníná tó ń mú oúnjẹ gbóná, la ti fẹ́ ṣe é. Ife tíì ńlá la lò, ẹnì kan, ife kan. Ẹ̀gbọ́n gbé èyí tó ní ìlà wúrà létí wá, mo ní kó dá a padà. Irin ni ìlà yẹn. Bó bá dé inú máíkírówéèfù, á máa ṣaná pàràpàrà.

Ṣíbí ìjẹun la fi wọn nǹkan sínú ife kọ̀ọ̀kan: fúláwà 4, ṣúgà 2, kòkó lílọ̀ 2. Kì í ṣe kòkó inú agolo tí wọ́n ti pò mọ́ ṣúgà o, èyí tó korò gan-an ni. Àbúrò tọ́ ọ wò, ó fajú ro. Mo sọ fún un pé irú kòkó yìí ni bàbá mi àgbà gbìn ní ilẹ̀ Oǹdó. Bẹ́kin páúdà ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì lọ, torí bó bá pọ̀, á korò lẹ́nu. A fi iyọ̀ tíńtín sí i, ká tó wá bu mílíìkì ṣíbí 3 àti òróró ṣíbí 2. Mi ò fi ẹyin sí i. Odindi ẹyin kan ti pọ̀ jù fún ife kan, ṣe ló máa ń mú kí kéèkì fà bíi róbà.

Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi pò ó. Ìsàlẹ̀ ife ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kíyè sí, ibẹ̀ ni fúláwà gbígbẹ máa ń sá pamọ́ sí. Kó má sì kọjá ìdajì ife.

Ti ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọlé. Ìṣẹ́jú 2 ni mo tẹ̀. Kò pẹ́ tí kéèkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ga, ó yọ lókè etí ife bí ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Àbúrò pariwo: "Mọ́mì, ó ń bọ̀!" Àmọ́ nígbà tá a máa fi gbé e jáde, ó ti wálẹ̀, ó sì le gbagidi. Ṣíbí ò wọ̀ ọ́. Ojú ẹ̀gbọ́n rọ, ó sì dùn mí, torí òun ṣe tirẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tẹ àsìkò jù.

Máíkírówéèfù kì í jó oúnjẹ láti ìta bí ààrò. Omi inú oúnjẹ gan-an ló ń mú gbóná, ìdí nìyẹn tí kéèkì rẹ̀ kì í fi í pọ́n lójú, tómi bá sì ti gbẹ nínú ẹ̀, ó ti gan nìyẹn. Nígbà tó kan ife àbúrò, 60 sẹ́kọ́ńdì ni mo tẹ̀, mo wò ó, mo fi 10 kún un. Máíkírówéèfù oní-700 wáàtì ni tèmi. Èyí tó bá lágbára jù ú lọ, kẹ́ ẹ dín àsìkò kù. Àárín rẹ̀ ṣì ń dán díẹ̀ nígbà tí mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbé e jáde. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ooru inú ẹ̀ parí iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fẹnu kàn án kó tó tó àkókò yẹn, ṣúgà gbígbóná máa ń bó ahọ́n.

Ibi tá a ti ń dúró ni ẹ̀gbọ́n ti bi mí pé ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí. Mo sọ fún un nípa Percy Spencer, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ rédà, èyí tí wọ́n fi ń rí ọkọ̀ òfuurufú látòkèèrè, ní 1945, tí súìtì àpò rẹ̀ ṣàdédé yọ́, tó sì wá lọ fi àgbàdo dán an wò, ló bá di gúgúrú.

"Gúgúrú kẹ̀!"

Ti àbúrò rọ̀ múlọ́múlọ́. A gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kí n da tirẹ̀ tó le nù. Mo bá a fi ọ̀bẹ gé e sínú mílíìkì gbígbóná, ó rọ̀, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó mú iná lọ.