Bí A Ṣe Ń Wo Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàbẹ̀wò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ní gúúsù Kwara, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó tètè kúrò ní Ìlọrin láàárọ̀, kí ó gba ọ̀nà Òmù-Àrán, nítorí ìwòye kánjúkánjú kò yẹ àwọn ère náà rárá. Ẹ kí àwọn òṣìṣẹ́, ẹ béèrè ẹni tí yóò ṣàlàyé, kí ẹ sì gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò.

Àwọn ère náà lé ní 800. Ẹ yan ẹyọ kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá wo irun dídì rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, àpótí tó jókòó lé, àti àdá tí ẹlòmíràn nínú wọn dì mú. Ẹ má fọwọ́ kàn án, torí òkúta yìí rọ̀ débi pé èékánná lè ha á.

Àwọn ará ìlú gbà pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ wọn. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.