Iṣẹ́ abẹ ọkàn láti àárín egungun ìhà: bí ẹ ṣe máa múra sílẹ̀

Tí oògùn ò bá kápá àyà dídùn mọ́, tí stent (ọ̀pá irin kékeré oníhò tí wọ́n ń fi ṣí iṣan tó dí) kò sì bá ibi tí iṣan ti dí mu, dókítà lè ní kí àwọn la ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀ láìfọwọ́ kan egungun àyà. Ojú ọgbẹ́ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 lọ, lábẹ́ ọmú òsì. Kí ìyẹn má tàn yín jẹ: iṣẹ́ abẹ ọkàn gidi ni.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún. Iṣan iwájú ọkàn, LAD, ni ọwọ́ tó jù láti ibẹ̀. Bí iṣan ẹ̀yìn náà bá dí, wọ́n lè fi stent ṣí i lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí wọ́n máa tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró òsì dànù fúngbà díẹ̀, ọ̀tún nìkan lá sì máa mí.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Wọ́n sábà máa ń dá clopidogrel dúró ní ọjọ́ 5 ṣáájú, ticagrelor ní ọjọ́ 3, prasugrel ní ọjọ́ 7. Aspirin sábà máa ń bá a lọ. Ẹ má fúnra yín dá ọ̀kankan dúró o: ẹ̀jẹ̀ lè dì pa stent tuntun. Sìgá ní tirẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Oúnjẹ, wákàtí 6. Omi lásán, wákàtí 2.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa tú ìdí iṣan kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn egungun àyà, wọ́n á sì rán an mọ́ LAD ní ìkọjá ibi tó dí. Ọkàn ń lù lọ́wọ́ ni o. Irin kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi fọ́ọ̀kì ló ń di ojú ibi tí wọ́n ń rán mú kó má mì. (Oníṣẹ́ abẹ ará Soviet kan, Vasilii Kolesov, ti ṣe irú rẹ̀ ní Leningrad lọ́dún 1964.) Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà jù, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀, wọ́n lè la àyà. Nítorí náà, ẹ ka ìwé tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù dáadáa, kí ẹ rí i pé ìyẹn wà níbẹ̀.

Ìrora ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Iṣan ìmọ̀lára kan ń gba abẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan kọjá, irin tí wọ́n fi ya ìhà sì ti nà án. Ẹni tó ń sá fún ìrora kì í mí kanlẹ̀, ìdí rèé tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi ń dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń di àrùn. Ẹ gba oògùn ìrora kí ìrora tó le, ẹ má dúró dè é. Ẹ gbá ìrọ̀rí mọ́ ìhà òsì, ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ tó mí síta. Ìgbà 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú yín bá là. Lẹ́yìn náà kí ẹ wúkọ́. Bí àyà bá ń já pàpàpà láìbá ìlù mu lọ́jọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Oògùn sábà máa ń kápá rẹ̀.

Nílé, ibà tó tó 38°C, ọyún lójú ọgbẹ́, tàbí èémí tó túbọ̀ ń kúrú: ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ìrora ọgbẹ́ máa ń gún èèyàn tó bá wúkọ́ tàbí tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ irú àyà dídùn àtijọ́ ló padà wá, tó ń fún àyà pọ̀, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà àbùjá lè ti fẹ́ dí.