Sítáńdì Táǹkì Oríṣi Mẹ́ta, BOM Kan: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Nínú SolidWorks

Ẹni tó bá ń ya àwòrán sítáńdì táǹkì omi fún àwọn wẹ́dà mọ̀ pé ohun tí oníbàárà ń fẹ́ kì í dọ́gba. Ẹnì kan fẹ́ èyí tó ga tó mítà 3, ẹlòmíì mítà 4, onílé alájà lè sọ pé mítà 6 lòun ń fẹ́, kí àkàbà sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ya fáìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ tí péléètì ìdí rẹ̀ bá yí padà, ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú SolidWorks, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya irú àwòrán yìí, fáìlì kan tó ní configuration mẹ́ta, ìyẹn oríṣi mẹ́ta ohun kan náà nínú fáìlì kan, ló dáa jù. Ibi tí wàhálà wà ni BOM (bill of materials), ìyẹn àtẹ tó ń sọ iye irin, péléètì àti bóòtù tí oríṣi kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bí àtẹ yìí bá ṣì í kà, ẹni tí a rán lọ sọ́jà ló máa padà wá bínú.

Lójú tèmi, inú módẹ́ẹ̀lì (ohun tí a yà ní 3D) ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe BOM ti ń bẹ̀rẹ̀, àtẹ kàn ń gbé e jáde ni. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ó ti parí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ojú ìwé àwòrán rárá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lórúkọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ sítáńdì. Fáìlì kan ni, configuration mẹ́ta: ESE-3000, ESE-4000 àti ESE-6000. Nínú ConfigurationManager, ibi tí orúkọ àwọn configuration wà, ẹ ṣe right-click lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yan Properties, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Part number displayed when used in a bill of materials" sí. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, Document Name lẹ máa bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé orúkọ fáìlì kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa jẹ́ nínú àtẹ. Báwo ni ẹni tó ń gé irin ṣe máa mọ èyí tó gùn? Ẹ yí i sí Configuration Name, tàbí User Specified Name bí ilé iṣẹ́ yín bá ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà tí kì í yí padà, ẹ fi tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí File, Properties. Ojú ewé méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: Custom, àti èyí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Configuration. Ohun tó kan gbogbo oríṣi, bí irú irin, ẹ kọ ọ́ sí Custom. Ohun tó ń yí padà, bí gígùn, ẹ kọ ọ́ sí ìkejì. Bí nǹkan kan náà bá wà ní méjèèjì, ti configuration ni BOM máa gbà. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti tún àpèjúwe kọ nínú Custom tí àtẹ kò sì yí padà, ojú ewé kejì yẹn ni kí ẹ lọ wò. Ẹ má sì fọwọ́ tẹ gígùn síbẹ̀ rárá. Ẹ tẹ inú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìwọ̀n tó wà lára módẹ́ẹ̀lì, SolidWorks á so méjèèjì pọ̀.

Hide kì í ṣe Suppress

Ẹ wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú assembly (fáìlì tó ń kó àwọn ẹ̀yà ara jọ), kí ẹ sì ṣe configuration mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú. Sítáńdì tí kò ní àkàbà, ẹ Suppress àkàbà náà, ìyẹn ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oríṣi yẹn. Bí ẹ bá Hide rẹ̀, bí ẹni fi aṣọ bo ìkòkò ni: ojú kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n BOM ṣì ń kà á, oníbàárà á sì sanwó àkàbà tí kò béèrè.

Ti táǹkì fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Oníbàárà ló máa ra tirẹ̀, ẹ kàn fẹ́ kó hàn nínú àwòrán ni. Ẹ lọ sí Component Properties rẹ̀, ẹ máàkì "Exclude from bill of materials".

Bí àyípadà bá ti ń pọ̀, Design Table, tó wà lábẹ́ Insert, Tables, ló máa gbà yín. Excel ni. Orí òpó kan á jẹ́ $STATE@AKABA<1>, ẹ ó sì kọ S (Suppress) tàbí R (Resolved, ìyẹn kó wà níbẹ̀) sábẹ́ rẹ̀ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á jẹ́ $CONFIGURATION@ESE<*>, tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ra àkàbà ní odindi, ẹ yan Hide níbi "Child component display when used as a subassembly" nínú Properties configuration rẹ̀, kó lè wọ BOM bí ohun kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa jó o, Show ni, kí ẹ̀yà ara rẹ̀ lè hàn nínú BOM.

Ó wá ku àwòrán

Nínú fáìlì àwòrán (drawing), ẹ lọ sí Insert, Tables, Bill of Materials, kí ẹ sì tẹ àwòrán tó jẹ mọ́ ọn. Nínú oríṣi BOM tó wà níbẹ̀, Top-level only, tí kì í tú àkójọ kékeré sí wẹ́wẹ́, nìkan ló máa jẹ́ kí ẹ máàkì configuration mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní òpó iye tirẹ̀. Parts only (ẹ̀yà ara nìkan) àti Indented (tó ń to ẹ̀yà ara sábẹ́ àkójọ wọn), configuration kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìwé tí ẹ máa fún ẹni tó ń gé irin.

Ẹ máàkì "Display as one item number", kí ẹsẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà 1 nínú oríṣi gbogbo. Ibi tí iye kò bá sí, ìlà kékeré ni mo máa ń yàn. Òdo lè dà bí 10 tí ìtẹ̀wé jẹ lára rẹ̀, àyè òfìfo sì máa ń jọ ohun tí a gbàgbé.

Bí balloon kan (òbìrí tó ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí ẹ̀yà ara nínú àwòrán) bá ń fi ìràwọ̀ (*) hàn dípò nọ́ńbà, ohun tó ń tọ́ka sí kò sí nínú àtẹ. Bó bá jẹ́ táǹkì, kò burú. Bó bá jẹ́ péléètì, ẹ padà sínú módẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fọwọ́ tún iye kọ sínú àtẹ. Bí ìsopọ̀ bá ti já, iye yẹn kò ní yí padà mọ́ bí módẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ yí padà.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ṣí configuration kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Ctrl+Q kí SolidWorks lè tún gbogbo módẹ́ẹ̀lì kọ́, kí ẹ sì kà á: ẹsẹ̀ 4, péléètì 4, bóòtù ìdí 16, nọ́ọ̀tì 16. Ọ̀pá ìdábùú á jẹ́ 8, 12 àti 16, bó bá jẹ́ ipele 2, 3 àti 4 lẹ yà.

Kí ẹ tó rán ènìyàn lọ ọjà Owódé Onírin, ẹ rántí pé gígùn tí a gé ni BOM ń sọ, odindi irin sì ni òǹtajà ń tà. Ẹsẹ̀ mítà 4 mẹ́rin jẹ́ mítà 16. Bí òǹtajà bá ń ta odindi mítà 6, ìṣirò á ní mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan péré ló ń jáde nínú odindi kan. Mẹ́rin lẹ máa rà, kí ẹ sì fi àjákù mítà 2 tó bá kù gé ọ̀pá ìdábùú.