Bí a ṣe ń fi omi amọ̀ ya ọmọ ẹkùrọ́ kúrò lára èèpo rẹ̀

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní àwọn abúlé Rẹ́mọ tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ẹkùrọ́ kì í wọ́n, nítorí náà ìdánwò yìí kò ní náni lówó púpọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹkùrọ́ díẹ̀ tí a ti sá gbẹ, òkúta méjì, abọ́ ńlá, asẹ́, omi lítà 2 àti amọ̀ gbígbẹ tí a gún kúnná ti tó.

Kí a kọ́kọ́ pa ẹkùrọ́ náà. Èyí tí kò gbẹ dáadáa yóò lẹ̀ mọ́ èèpo, kò sì ní wúlò fún wa. Kí a má ṣe ṣà wọ́n: kí a da ọmọ àti èèpo pọ̀ sínú omi tó mọ́, kí a sì rò ó, kí afẹ́fẹ́ tó há sára wọn lè jáde. Méjèèjì ni yóò rì.

Lẹ́yìn èyí, kí a kó wọn jáde, kí a máa bu amọ̀ sínú omi náà díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa rò ó títí yóò fi rí bí ògì tí kò ki. Nǹkan bí gíráàmù 400 sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n amọ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà ọmọ ẹkùrọ́ kan ni kí a fi máa dán an wò. Bó bá ti léfòó, kí a da ìyókù padà, kí a rò ó, ọmọ yóò sì gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, nígbà tí èèpo yóò wà nísàlẹ̀. Kí a yára fi asẹ́ kó o, nítorí bí a bá dúró, amọ̀ yóò silẹ̀, omi òkè yóò fúyẹ́, ọmọ ẹkùrọ́ yóò sì tún máa rì, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Archimedes, ará Gíríìsì àtijọ́, ló ṣàlàyé pé omi ń fi agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan bá tì kúrò láàyè rẹ̀ gbé nǹkan náà sókè. Lítà 1 omi tó mọ́ wọn nǹkan bí kílò 1. Ọmọ ẹkùrọ́ tó gba àyè kan náà fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ, èèpo sì wúwo ju ọmọ lọ. Omi amọ̀ wa, tí lítà rẹ̀ tó nǹkan bí kílò 1.12, bọ́ sí àárín wọn. Bí èèpo bá ń léfòó pẹ̀lú, amọ̀ ti pọ̀ jù. Kí a bu omi sí i.

Kí a fọ ọmọ ẹkùrọ́ náà, kí a sì sá a gbẹ kí a tó fi ṣe àdín, kí ó má baà bu.